Aṣọ Funfun Tí A Fi Ń Wo Fíìmù

Ẹ má bínú sí ìwé mi tí kò dán. Pírámárì mẹ́rin ni mo kà dé, n kì í sì í kọ nǹkan gígùn.

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní àdúgbò Gàmbàrí, ẹgbẹ́ kan máa ń fi fíìmù han àwọn ará àdúgbò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ńlá agbo ilé wa. Bí a bá ti kírun Alásárì tán lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n á ti gbogbo fèrèsé, wọ́n á ta aṣọ ìbora funfun ìyá àgbà mi mọ́ ògiri, fíìmù Íńdíà á bẹ̀rẹ̀. Àwọn ìyá wa ò gbọ́ èdè yẹn, nítorí náà ẹnì kan ní láti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ, kó máa ka òyìnbó tó ń hàn nísàlẹ̀, kó sì máa sọ ọ́ ní Yorùbá. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni wọ́n yàn, obìnrin bí èmi, tí mo ń pè ní ẹ̀gbọ́n, tó ń lọ sílé ẹ̀kọ́ girama. Èmi ni wọ́n ní kí n máa fọ aṣọ funfun náà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ìlara ò jẹ́ kí n gbádùn fíìmù mọ́. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá ti fi ohùn ìyá ọkọ búburú inú fíìmù sọ̀rọ̀, àwọn ìyá á ní, "Ọlọ́hun á bùkún ẹ, ọmọ mi." Ta ló ń kí ẹni tó fọṣọ?

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, mo mọ̀ọ́mọ̀ da búlùú, èyí tí a fi ń mú kí aṣọ funfun tàn, púpọ̀ jù sínú omi aṣọ náà. Lọ́jọ́ kejì, ojú ìyàwó tuntun inú fíìmù dà bí ojú òkú.

Ìyá kan ní, "Kí ló ṣe ọmọ yìí?"

Mo ń retí kí ẹ̀gbọ́n mi máa kólòlò. Ó ní, "Òtútù ló ń mú un, ìyá. Ìyá ọkọ ẹ̀ ò fún un láṣọ ìbora."

Ilé bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tí fíìmù parí, ẹ̀gbọ́n mi jókòó tì mí, ó wo èékánná mi tí búlùú ṣì wà nínú ẹ̀. Bí ìyá àgbà ṣe ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa, ó fa ìborùn mi bo ọwọ́ mi.

Lóde òní, kálukú ń wo fíìmù tiẹ̀ lórí fóònù, kò sẹ́ni tó ń túmọ̀ fún ìyá kankan. Ẹ̀gbọ́n mi ti di ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò. N ò ní purọ́, bí mo bá gbọ́ ohùn ẹ̀, mo ṣì máa ń jowú ẹ̀.

Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀lé fíìmù yẹn, bí a ti kírun Àsúbà tán, mo rọra gbé aṣọ náà lọ sídìí kànga. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo fọ̀ ọ́, títí omi fi mọ́, mo sì sá a síbi tí oòrùn ti kọ́kọ́ ń dé.