Omi Ìfọṣọ Ló Mú Bọ́ọ̀lù Mi Yára

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Múṣin, bọ́ọ̀lù tí mo bá jù máa ń rọra rìn bí ẹni tó ń lọ kí àna rẹ̀. Ẹ̀yin tí a jọ jẹ́ ẹgbẹ́ á rántí háńdíbọ́ọ̀lù iléèwé: bọ́ọ̀lù kékeré tí a ń fi ọwọ́ jù sínú ilé, ìyẹn gólì, lórí yanrìn tó ń jó ni lẹ́sẹ̀. Rísì, ọ̀rẹ́ mi, ló ń ṣọ́ ilé. Ọwọ́ kan ló fi ń mú bọ́ọ̀lù tèmi, ọwọ́ kejì di gúrúndì tó ń jẹ mú.

Á ní, “Ọ̀rẹ́, ṣé o jù ú ni àbí o fi ránṣẹ́ sí mi?”

Àyè kan péré ló kù nínú ẹgbẹ́ Ilé Pupa iléèwé wa, ó sì ń wù mí dé egungun. Àǹtí tó ń kọ́ wa ní eré ìdárayá sọ fún mi pé, “Tó bá di Jímọ̀ tí bọ́ọ̀lù rẹ ò kọjá Rísì, omi lo máa bá wọn gbé o.”

Èmi rò pé agbára apá ni. Mo ń pọn omi, mo ń gún ata fún gbogbo ilé, mo ń jẹ ẹ̀bà bíi lébìrà. Apá le lóòótọ́. Bọ́ọ̀lù ò yára.

Ilé oníyàrá púpọ̀ là ń gbé, màmá tó bí ìyá mi ló sì ń tọ́ mi. Òfin Màmá ni pé omi ìfọṣọ ò gbọdọ̀ kan sìmẹ́ńtì iwájú ilé. Orí àtẹ̀gùn lo máa dúró sí, wàá fọ́n ọn kọjá sínú gọ́tà. Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo fi gbogbo apá fọ́n ọn. Ìdajì dà sí mi lẹ́sẹ̀, ìdajì yà sórí ẹní ìkírun tí Bàbá Káfíńtà, ará yàrá kejì, sá sí ẹ̀gbẹ́ ilé.

Bàbá ní, “Ìwọ ọmọ yìí, mo ti fọ̀ ọ́ láàárọ̀ o! Ta ló bẹ̀ ọ́ níṣẹ́?”

Màmá ò nà mí. Ó kàn ní láti ìgbà náà lọ, gbogbo omi ìfọṣọ ilé, èmi ni màá máa dà á nù. Ẹ ò mọ bí aṣọ àwọn ará ilé wa ṣe pọ̀ tó! Màmá jókòó tì mí, ó ń wò mí, kó tó dìde wá di ìbàdí mi mú.

Ó ní, “Apá lò ń fi jà. Ìdí ni kó kọ́kọ́ yí, ọwọ́ á bá a lọ́nà.”

Ó ní kí n kọ ẹ̀gbẹ́ sí gọ́tà, kí ẹsẹ̀ òsì ṣíwájú, kí ìbàdí yí, kí abọ́ tẹ̀lé e, kí ọrùn ọwọ́ ṣe tirẹ̀ kẹ́yìn. Omi náà fò lódindi, ó balẹ̀ sínú gọ́tà, gbàà!

Jímọ̀ dé. Mi ò ro bọ́ọ̀lù rárá, abọ́ ìfọṣọ ni mo ń rò. Mo kọ ẹ̀gbẹ́ sí Rísì, mo yí ìdí. Kó tó na ọwọ́, bọ́ọ̀lù ti gba ìka rẹ̀ kọjá, gúrúndì ti wà nínú yanrìn.

“Yéè! Kí lo jẹ láàárọ̀?”

“Mi ò jẹ nǹkan kan. Aṣọ ni mo fọ̀.”

Wọ́n mú mi sínú ẹgbẹ́. Ilé Pupa ò gba ife, ṣùgbọ́n mi ò gbé omi fún ẹnikẹ́ni.

Lónìí, Sùúrùlérè ni mò ń gbé. Ọmọbìnrin mi ń kọ́ lakirọ́ọ̀sì ní Yábàá, eré tí wọ́n ń fi ọ̀pá alápò àwọ̀n ju bọ́ọ̀lù. Bọ́ọ̀lù tirẹ̀ náà ń lọ kí àna. Ó ń wo fídíò lórí fóònù, ó ní kí n ra ọ̀pá tó fúyẹ́ ju èyí lọ. Ẹ̀rọ ló ń fọṣọ wa, páìpù ló sì ń da omi rẹ̀ nù. Ibo lọmọ fẹ́ ti kọ́ bí a ṣe ń yí ìdí?

Ní Sátidé tó kọjá, mo yọ páìpù náà sínú abọ́, a gbé e lọ sísàlẹ̀. Èyí tó kọ́kọ́ fọ́n, bàtà mi ló bá.

“Mọ́mì, ẹ má bínú o. Ṣé mo ṣẹ̀ yín ni tí mo fi ń da omi nù?”

Nígbà tiwa, ìyà ni. Nísinsìnyí, èmi ni mò ń bẹ̀ ẹ́ pé kó tún un dà. Mo bọ́ bàtà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo di ìbàdí rẹ̀ mú.