Màmá Tó Kọ́ Mi Kí N Má Ṣubú

"Dúsímọ̀, rọra!" Bí màmá tó ń kọ́ wa ní ìrìn nílé ìwòsàn ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nìyẹn, ará òdìkejì bodà ni, "dúsímọ̀" sì ni Faransé tó fi ń ní ká rọra. Èmi tí kò sí ọlọ́kadà tó tó mi n'Ílaròó, lẹ́yìn tí wọ́n gé ẹsẹ̀ mi kan, bí mo bá jí, màá gbàgbé, màá fò sọ̀kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, màá sì ṣubú gbì.

"Fọwọ́ kan kùkùté ẹsẹ̀ yẹn, kó o kí i, kó o tó dìde."

"Màmá, kí èmi máa kí ẹsẹ̀?"

"Ilẹ̀ tí ò ń dọ̀bálẹ̀ fún láràárọ̀ ńkọ́, ṣé òun ló bí ọ?"

Mo kí i. N ò ṣubú mọ́.

Ó lọ wo ìyá rẹ̀ lọ́hùn-ún, ni wọ́n bá ti bodà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo wọkọ̀ dé Íjoùn, mo sì fi ẹsẹ̀ onírọ́bà rìn dé ẹnu bodà níbẹ̀, láìmú ọ̀pá. Àwọn ṣọ́jà ní kí n padà. Mo ṣì dúró ṣánṣán, mò ń wo ọ̀hún, bóyá á rí mi.