Ìyá Ẹlẹ́rìn-ín Fẹ́ Di Nọ́ọ̀sì

Ẹlẹ́rìn-ín kì í ṣe orúkọ tí wọ́n sọ ọmọ náà. Ìnagijẹ ni. Láti kékeré, tí ẹ̀rù bá bà á, ẹ̀rín ló máa ń rín. Bí ajá bá lé e, á máa sáré, á máa rẹ́rìn-ín. Bí olùkọ́ bá pè é síwájú kíláàsì, ẹ̀rín á gbà á lẹ́nu débi pé wọ́n á ní kó padà lọ jókòó. Bí orúkọ náà ṣe mọ́ ọn lára nìyẹn, ó sì ran àwọn òbí rẹ̀: ìyá di Ìyá Ẹlẹ́rìn-ín, bàbá di Bàbá Ẹlẹ́rìn-ín, àdúgbò ò sì mọ orúkọ mìíràn fún wọn mọ́.

Aránṣọ ni ìyá, káfíńtà ni bàbá. Ṣọ́ọ̀bù ìyá kọjú sí ilé fọ́tò mi, títì tóóró kan ló là wá láàárín. Nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, èyí tí mo fojú ara mi rí pọ̀ níbẹ̀. Èyí tó kù, ẹnu àwọn tọ́rọ̀ kàn ni mo ti gbọ́ ọ, torí Ìyá Ẹlẹ́rìn-ín kì í fi ọ̀rọ̀ sínú. Ó lè fi abẹ́rẹ́ há ètè kó ṣì máa ròyìn fún ọ.

Nígbà tí Ẹlẹ́rìn-ín parí ilé-ẹ̀kọ́ girama, nọ́ọ̀sì ló ní òun fẹ́ ṣe. Ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì tó wà nítòsí wa kì í ṣe ibi téèyàn ń ṣèèṣì wọ̀. Èrò tó ń du àyè ibẹ̀ lọ́dọọdún pọ̀ bí omi, àyè ọ̀hún ò sì ju ẹ̀kún ọwọ́ lọ. Ìdánwò àbáwọlé á kọ́kọ́ gbọn èyí tó pọ̀ jù dànù, lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá pe àwọn tó kù síwájú àwọn ọ̀gá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, èyí tí gbogbo wa ń pè ní intafíù. Intafíù yìí ló máa ń da omi tútù sí èèyàn lára. Ọmọ tó mọ̀wé bí ẹni mọ owó lè débẹ̀ kó máa kálòlò.

Inú ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀ ni Ẹlẹ́rìn-ín ti ń kàwé, nítorí pé fèrèsé ibẹ̀ tóbi. Ìyá ló ń bi í ní ìbéèrè. Á ṣí ìwé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, á ka ìbéèrè kan, á fẹsẹ̀ wa ẹ̀rọ díẹ̀, á dúró gbọ́ ìdáhùn, á tún wa ẹ̀rọ. Nígbà tó ṣe, ọmọ ò tíì la ẹnu tán tí ìyá á ti dáhùn. Kí ni iṣẹ́ kíndìnrín? Ìyá ti sọ ọ́. Báwo ni ẹ̀jẹ̀ ṣe ń jáde láti inú ọkàn? Ìyá tún ti sọ ọ́, ó sì ń já òwú lẹ́nu abẹ́rẹ́ bí ẹni pé kò sọ nǹkan kan.

“Màámi,” ni ọmọ wí lọ́jọ́ kan, “ẹ̀yin gan-an ni kí ẹ kúkú lọ ṣe ìdánwò yìí.”

Ó fi ṣeré ni. Ṣùgbọ́n ìyá ò rẹ́rìn-ín. Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ, ó ń wo ìta. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ohun tí kò sọ fún ọmọ rẹ̀ rí, pé nígbà tóun wà lọ́mọge, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì lòun náà fẹ́ ṣe. Òun yege nínú ìdánwò oníwèé-mẹ́wàá, òun ti ń múra sílẹ̀. Ìgbà náà ni bàbá òun dùbúlẹ̀ àìsàn, ẹnì kan sì ní láti wà nílé. Nígbà tí ara bàbá yóò fi yá, òun ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ìránṣọ, lẹ́yìn ìyẹn ọkọ dé, ọmọ dé, ọ̀rọ̀ náà sì bá ibẹ̀ lọ.

Nígbà tó di ọjọ́ kejì, Ẹlẹ́rìn-ín lọ wo àwọn òfin ilé-ẹ̀kọ́ náà láti òkè dé ilẹ̀, ó padà wá sọ fún ìyá rẹ̀ pé kò síbi tí wọ́n ti ní ẹni tó bá ti lé lógójì ọdún ò gbọdọ̀ wá.

Bó ṣe di pé ìyá sọdá wá sọ́dọ̀ mi nìyẹn. Ọmọ ló kọ́kọ́ jókòó, mo ya fọ́tò pélébé tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ fọ́ọ̀mù fún un. Bó ṣe dìde ni ìyá bọ́ sórí àga.

“Ya èmi náà,” ó wí fún mi. “Má bi mí ní nǹkan kan. Bí o bá fi rẹ́rìn-ín pẹ́rẹ́n, mi ò rán aṣọ fún ìyàwó rẹ mọ́ láéláé.”

Mi ò rẹ́rìn-ín. Mo yà á, ó sì dára nínú fọ́tò náà ju bó ti rò lọ.

Bàbá Ẹlẹ́rìn-ín ló rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Wọ́n ní ó rín in títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín èérún pákó, kó tó wá rí i pé òun nìkan ló ń rín. Ó nu ojú rẹ̀, ó wo ìyàwó, ó wo ọmọ. Ó ní ó dáa, kò burú, ṣùgbọ́n ta ni yóò máa tọ́jú òun? Ìyàwó rẹ̀ ní kó wo ìsàlẹ̀ apá rẹ̀ méjèèjì, ó ní ohun tó bá rí níbẹ̀ ni yóò máa tọ́jú rẹ̀.

Tìyá-tọmọ ló yege nínú ìdánwò àbáwọlé. Ọmọ ló gba máàkì jù, ìyá sì ń fi í yangàn fún gbogbo oníbàárà, ó gbàgbé pé òun náà wà lára àwọn tí wọ́n pè. Ó wá ku intafíù. Bàbá ní òun á ràn wọ́n lọ́wọ́, òun á máa ṣe aláìsàn fún wọn. Láti ìgbà náà, bó bá ti dé láti ìdí iṣẹ́, á na gbalaja sórí àga gígùn inú pálọ̀, á máa kérora. Àmọ́ aláìsàn tó le ni. Á kọ oògùn, á bú nọ́ọ̀sì, á ní omi tí wọ́n gbé wá tutù jù, bí wọ́n bá pààrọ̀ rẹ̀ á ní ó gbóná jù. Nígbà míì, oorun á ti gbé aláìsàn lọ, nọ́ọ̀sì méjèèjì á sì dúró tì í, wọ́n á máa bá ẹni tó ń hanrun sọ̀rọ̀ ìtùnú.

Ọjọ́ intafíù pé. Àwọn méjèèjì wọ aṣọ tí ìyá rán, aláwọ̀ búlúù ṣíṣú, ọrùn rẹ̀ funfun. Nígbà tí wọ́n dé gétì, ẹ̀ṣọ́ jẹ́ kí ọmọ wọlé, ó wá fi ọwọ́ han ìyá pé àwọn òbí á dúró lábẹ́ ibòòji lọ́hùn-ún. Ìyá ní kì í ṣe pé òun sin ẹnikẹ́ni wá, wọ́n pe òun náà ni. Ẹ̀ṣọ́ yẹ ìwé rẹ̀ wò níwá, ó yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn, ó wo ojú inú fọ́tò, ó tún wo ojú tó wà níwájú rẹ̀. Ó wá yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì ní bí ìyá bá wọlé, kó bá òun béèrè bóyá wọ́n á gba òun náà.

Ọmọ ni wọ́n kọ́kọ́ pè. Èèyàn mẹ́ta ló jókòó sẹ́yìn tábìlì gígùn kan: ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, ìyẹn obìnrin kan tó fi gíláàsì sójú, dókítà àgbà kan, àti nọ́ọ̀sì kan tó ń ṣe olórí wọ́ọ̀dù. Ìbéèrè méjì àkọ́kọ́ lọ geere. Ìgbà náà ni ọ̀gá bi í pé bí aláìsàn kan bá kú mọ́ ọn lọ́wọ́, kí ni yóò sọ fún àwọn ẹbí rẹ̀?

Ẹlẹ́rìn-ín mọ ìdáhùn. Wọ́n ti fi bàbá ṣe òkú nílé tó bí ìgbà mélòó kan. Ṣùgbọ́n ojú mẹ́ta tó ń wò ó ti pọ̀ jù, ẹ̀rù sì dé. Ẹ̀rín bú jáde. Ó fọwọ́ bo ẹnu, ẹ̀rín gba àárín ìka jáde. Ó fẹ́ tọrọ àforíjì, ẹ̀rín ò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ já geere. Ọ̀gá yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó rọra gbé e sórí tábìlì, ó ní kó máa lọ.

Nígbà tó jáde, omi ló wà lójú rẹ̀, ìyókù ẹ̀rín sì wà lẹ́nu rẹ̀. Ìyá rí i, ó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó dìde láti dì í mú, wọ́n sì pe orúkọ tiẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ó sọ fún mi pé gbogbo ohun tóun há sórí ló fò lọ lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ òun nìkan lòun ń rò. Dókítà bi í pé ṣé ó mọ̀ pé àwọn ọ̀gá tí yóò máa pàṣẹ fún un ní wọ́ọ̀dù lè kéré sí i lọ́jọ́ orí dáadáa? Ó ní ọmọ tóun bí ti ń pàṣẹ fóun nílé tipẹ́, ó ti mọ́ òun lára. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Olórí wọ́ọ̀dù wá bi í ní ìbéèrè kan nípa ìtọ́jú ẹni tó jóná.

“Mi ò mọ ìyẹn, mà,” ó wí. “Mi ò ní purọ́ fún yín.”

Wọ́n bi í ní òmíràn, ó mọ ìyẹn. Nígbà tí wọ́n fẹ́ parí, ọ̀gá ní bó bá ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu, kó sọ ọ́.

“Ọmọ tó jáde ṣáájú mi, ọmọ mi ni,” ó wí. “Kì í ṣe pé ó fi yín ṣẹ̀sín. Ẹ̀rù ló—”

“Ẹ dákún, màmá,” ni ọ̀gá wí, kò sì fi ìbínú sọ ọ́. “Níbí, kálukú ló ń fi ẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀.”

Ìyá sọ fún mi pé nínú gbogbo ọjọ́ náà, ohun tó dun òun jù nìyẹn, torí pé òun mọ̀ pé òótọ́ ni obìnrin náà sọ.

Nígbà tí wọ́n lẹ orúkọ mọ́ pátákó, ti ìyá wà níbẹ̀. Ti ọmọ ò sí. Mo rí wọn nígbà tí wọ́n ń bọ̀ wálé. Àwọn tó máa ń rìn pọ̀ bí ẹsẹ̀ méjì ẹnì kan, ọ̀kan wà lápá ọ̀tún títì, èkejì wà lápá òsì. Mi ò gbọ́ ohùn ẹ̀rọ ìránṣọ ní ọjọ́ náà.

Ilẹ̀ mọ́, ìyá gba ilé-ẹ̀kọ́ náà lọ láìwí fún ẹnikẹ́ni. Ó ní òun wá fi àyè òun sílẹ̀ fún ọmọ òun. Ọ̀gá fún un ní àga, ó gbọ́ ọ tán, ó sì ní àyè yìí kì í ṣe aṣọ tí ìyá lè dín kù kó bá ọmọ mu. Bó bá kọ̀ ọ́, àlejò tí kò mọ̀ rí ni wọ́n máa fún.

Ẹlẹ́rìn-ín gbọ́. Ọmọ tó ti ń sunkún sábẹ́ aṣọ ìbora dìde fùú, ó sọdá sí ṣọ́ọ̀bù, inú ń bí i débi pé èmi náà gbọ́ ọ láti òdìkejì títì.

“Màámi, ta ló rán yín níṣẹ́? Wọ́n ní mi ò tíì tó o, ẹ wá fẹ́ kí n gba ẹ̀yìnkùlé wọlé? Ẹ lọ síbẹ̀ o. Tí ẹ ò bá lọ, èmi náà ò ní lọ mọ́ láyé mi.”

Ìyá wò ó. Ó ní, “Ṣé o gbọ́ bí o ṣe ń jágbe mọ́ mi?” Àwọn méjèèjì sì bú sẹ́rìn-ín, tìyá gan-an ló pọ̀ jù. Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Ìyá wọlé. Kò rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Orúkọ àwọn eegun ara fẹ́ẹ̀ pa á, nítorí bó bá kó mẹ́wàá sórí lónìí, márùn-ún á ti sá lọ lọ́la. Abẹ́rẹ́ tó sì ti ń dì mú láti ìgbà èwe, ọjọ́ tí wọ́n ní kó gún un fún èèyàn, ó gbé e sókè, ó tún gbé e sílẹ̀. Aláìsàn náà ló ń kì í láyà pé kó má fòyà, kò ní dun òun.

Ẹlẹ́rìn-ín kò jókòó sílé. Ó gbìyànjú láti bá ìyá rẹ̀ mójú tó ṣọ́ọ̀bù, ó rán apá ẹ̀wù kan mọ́ ibi ọrùn, wọ́n sì bẹ̀ ẹ́ pé kó wá iṣẹ́ míì. Ló bá lọ sí ilé kan tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó. Ó ń wẹ̀ wọ́n, ó ń fún wọn lóúnjẹ, ó ń tẹ́ ibùsùn wọn. Ìyá àgbà kan wà níbẹ̀ tó fẹ́ràn ẹ̀rín rẹ̀, tó máa ń ní kó wá rẹ́rìn-ín létí òun. Àárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá àgbà náà dákẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Nígbà tí ọkùnrin kan nínú mọ̀lẹ́bí ìyá àgbà náà dé, Ẹlẹ́rìn-ín fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹ̀rín tún dé, ẹkún sì tẹ̀ lé e, kò lè dá ìkankan dúró. Ọkùnrin náà kò bínú. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú títí méjèèjì fi tán.

Ọdún yípo, Ẹlẹ́rìn-ín tún yege nínú ìdánwò, wọ́n sì tún pè é fún intafíù. Àwọn mẹ́ta kan náà ló bá lẹ́yìn tábìlì. Kí wọ́n tó bi í ní ohunkóhun, ó ní òun fẹ́ kọ́kọ́ sọ nǹkan.

“Tí ẹ̀rù bá ń bà mí, ẹ̀rín ni mo máa ń rín. Ẹ̀rù yín ń bà mí gan-an báyìí.”

Ẹ̀rín sì dé lóòótọ́, àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí, dókítà bá a rín in, ọ̀gá náà sì ń fi ìwé bo ẹnu. Nígbà tó rọlẹ̀, wọ́n bi í ní ìbéèrè ọjọ́sí. Ó sọ bí ọjọ́ ìyá àgbà ṣe rí fún wọn, kò fi kún un, kò yọ kúrò nínú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́.

Wọ́n gbà á. Ní ilé-ẹ̀kọ́ yẹn, ẹni tó bá ti wọlé ṣáájú rẹ, Sínió lo máa pè é, ìbáà kéré sí ọ. Àwọn ẹgbẹ́ Ẹlẹ́rìn-ín wá ń wò ó bóyá yóò pe ìyá rẹ̀ ní Sínió. Ó pè é bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, lójú gbogbo wọn. Ìyá fi ọwọ́ sẹ́yìn, ó ní kó tún bẹ́ẹ̀dì yẹn tẹ́, igun rẹ̀ ò gún. Nígbà tó sì di ọ̀sán, ọmọ ló jókòó ti Sínió rẹ̀ nínú yàrá ìkàwé, tó ń bá a to orúkọ eegun bí orin kó lè dúró sí i lórí.

Ìyá ti jáde ilé-ẹ̀kọ́ báyìí. Wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé ni wọ́n fi í sí, àwọn ọmọ ibẹ̀ sì ń pè é ní Màmá Onísọkúsọ, torí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Ó ku ọdún kan fún Ẹlẹ́rìn-ín. Bàbá ti mọ oúnjẹ méjì sè, ó ń se wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, nígbà míì ó ń pè mí wá jẹ níbẹ̀. Ọ̀kan dùn.