Ọkùnrin Tó Wá Wá Ìdákẹ́jẹ́ Nílé Ìyá Plamen

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín jẹ pé iṣẹ́ ńlá ni iṣẹ́ òǹkọ̀wé. Mo ti bá òǹkọ̀wé ṣe aládùúgbò, ògiri kan ṣoṣo ló là wá láàárín, mo mọ bí iṣẹ́ ọ̀hún ṣe rí. Jíjókòó ni.

Ìyá Plamen, ọ̀rẹ́ mi, ló gbà á sílé. Kera lorúkọ rẹ̀, ẹgbẹ́ ni wá, ọdún kan náà la wọ iléèwé ká tó pa iléèwé ọ̀hún tì nítorí pé kò sọ́mọ mọ́. Opó ni. Plamen, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, wà ní Sípéènì, ó ń kọ́lé fún àwọn ará ibẹ̀, òrùlé ìyá rẹ̀ sì ń jò ní Bùlgáríà níbí. Ó ń pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù lọ́jọ́ Àìkú, ìyẹn bó bá rántí pé Àìkú ni.

Nígbà tí ewé bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ lọ́dún yẹn ni ọkùnrin náà dé pẹ̀lú àpò kan lẹ́yìn. Ará Nọ́wè ni. Ó ní Torvald lòun ń jẹ́. Ta ló ráyè irú orúkọ yẹn? Kó tó di ìrọ̀lẹ́, a ti sọ ọ́ ní Todor. Kò bá wa jiyàn, kò mọ ohun tó tọwọ́ bọ̀.

"Kí lẹ wá ṣe lórí òkè yìí?" Ignat tó ni ṣọ́ọ̀bù ló bi í.

Ó gbìyànjú láti sọ èdè wa, ọ̀rọ̀ ń ṣubú lu ara wọn lẹ́nu rẹ̀. "Mo wá kọ̀wé. Mo wá wá ìdákẹ́jẹ́. Nílùú mi, ariwo pọ̀."

Ignat wò ó láti òkè délẹ̀. "Ìdákẹ́jẹ́? Ọ̀fẹ́ nìyẹn. Bíà ni mò ń tà."

Bí ọjọ́ rẹ̀ ṣe ń lọ nìyí. Bó bá jí, á jókòó sídìí tábìlì lẹ́bàá fèrèsé, á ṣí kọ̀ǹpútà, á wá máa wo òkè. Á wò ó títí, bí ẹni tí òkè jẹ lówó. Lẹ́yìn náà á tẹ ọ̀rọ̀ díẹ̀, á pa á rẹ́. Lọ́sàn-án, á jáde lọ rìn nínú igbó, kò mú àáké, kò gbé apẹ̀rẹ̀ tí yóò fi ṣa olú, lásán ni ẹsẹ̀ ń gbé e kiri. Bó bá dalẹ́, á yà lọ́dọ̀ Ignat, á mu bíà, á sì ní ó ti rẹ òun. Ó ti rẹ̀ ẹ́! Àwa tí a ti ń wú ọ̀dùnkún láti àárọ̀ ló sì ń sọ ọ́ fún.

Ó wá ní ìwà kan tó bà wá lẹ́rù: ọ̀sán gangan, á fa kọ́tìnnì bo fèrèsé. Lọ́dọ̀ tiwa, aláìsàn tàbí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, bó bá ti fa kọ́tìnnì, àwa náà á dìde oore. Èmi á gbé ọbẹ̀ ẹ̀wà lọ. Ignat á gbé ọtí rakíà lọ, tí ìyá rẹ̀ fi èso púlọ́ọ̀mù sè. Ìyá Plamen ní tirẹ̀ kì í kanlẹ̀kùn. Ta ló ń kanlẹ̀kùn nínú ilé ara rẹ̀? Á kàn wọlé pẹ̀lú bánítsà, àkàrà gbígbóná tí wàrà ń ṣàn nínú rẹ̀, á ti kọ̀ǹpútà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Jẹun, ọmọ mi. Ọ̀rọ̀ ò ní sá lọ."

"Ẹ ṣé, Màmá. Ṣùgbọ́n mo wà lẹ́nu iṣẹ́."

"Iṣẹ́ wo? Ṣebí o jókòó ni."

Á jókòó tì í nígbà náà, á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn ayé rẹ̀ fún un, láti kékeré. Mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láti inú ilé mi. Mo kọ́kọ́ rò pé ìdáwà ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ọjọ́ tí à ń yan ata nínú àgbàlá rẹ̀ ló tó là á yé mi.

Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn la jókòó sí, àwòrán ọkọ rẹ̀ sì wà lójú ilẹ̀kùn náà, lórí ìwé ìkéde ikú, bó ṣe wà lójú ilẹ̀kùn gbogbo wa: orúkọ olóògbé, àwòrán rẹ̀, iye ọdún tó ti lọ. Ọdọọdún là ń lẹ tuntun lé ti àtijọ́ lórí, títí ẹni tó ń lẹ̀ ẹ́ náà á fi di àwòrán.

"Velika," ó ní, "bí mo bá kú, ta ni yóò lẹ tèmi? Plamen tí kò ráyè wá sìnkú bàbá ẹ̀? Ìwọ lo máa lẹ̀ ẹ́, òjò kan á sì wá fọ̀ mí lọ. Ṣùgbọ́n òjò kì í rọ̀ sórí ìwé tó wà nínú ilé èèyàn. Mo fẹ́ kí Todor kọ orúkọ mi sínú ìwé ẹ̀. Kera gbé ayé rí. Ìyẹn nìkan. Ó tó mi."

Mo fẹ́ fi ṣẹ̀fẹ̀, mo kàn yí ata padà lórí iná. Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bá a ṣọ́ ọkùnrin yìí. Bó bá ń tẹ kọ̀ǹpútà kíákíá, inú wa á dùn, a gbà pé ó ti dé orí Kera. Kera sì kó gbogbo ìtàn rẹ̀ jọ fún un, kò fi ọ̀kan pamọ́, títí dórí ti ewúrẹ́ rẹ̀ tó sọnù. Ó sọ ti ìgbéyàwó rẹ̀, èyí tí gbogbo abúlé mọ̀: bó ṣe wọ bàtà òjò bàbá rẹ̀ gun òkè nínú yìnyín, tó há bàtà ìyàwó sábíyá, tó dé ṣọ́ọ̀ṣì tó wá rí i pé bàtà méjèèjì, ti ẹsẹ̀ òsì ni. Bàtà bàbá rẹ̀ ló fi jó. Todor rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní ìyá ìyá òun, nígbà tó wà láyé, kì í bá òun sọ̀rọ̀ rárá, á kàn máa wo fèrèsé ni. Kera bá bu wàrà kún àwo rẹ̀.

Ọdún kejì, nígbà tí òtútù fẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀, Todor wá sọ fún gbogbo wa ní ṣọ́ọ̀bù pé orí tó kẹ́yìn nínú ìwé ló kù. Ó bẹ̀ wá. Ó ní ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, kí ẹnikẹ́ni má wá. A ní a ti gbọ́. A sì gbọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ wo ló mú? Ọ̀sẹ̀ tí ọjọ́ Todor Mímọ́ bọ́ sí!

Ọjọ́ orúkọ ẹni, ìyẹn àjọ̀dún ẹni mímọ́ tí à ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ ìbí tí à ń pe èèyàn sí. A kì í pe ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ń jẹ́ orúkọ náà á ṣílẹ̀kùn sílẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ á wọlé. Ó ń jẹ́ Todor, àbí kò jẹ́ ẹ? A ṣe búrẹ́dì tó rí bí bàtà ẹṣin, bí a ṣe máa ń ṣe é lọ́jọ́ náà, a gbé ẹ̀wà àti wáìnì, Ignat gbé àkọ́díọ́nù kọ́rùn, ó di ilé Kera. Ilẹ̀kùn Todor wà ní títì. Kọ́tìnnì wà ní fífà. A kanlẹ̀kùn, kò dáhùn. A kọrin, kò dáhùn. Kera gbá ilẹ̀kùn títí ọwọ́ rẹ̀ fi pọ́n.

"Ó ti kú," Kera ní. "Mo gbé! Ta ni ń tilẹ̀kùn lọ́jọ́ orúkọ ẹ̀ bí kò bá kú?"

Ignat kò dúró gbọ́ ìkejì. Ó fi irin yọ ilẹ̀kùn kúrò lẹ́nu ìdè rẹ̀, ilẹ̀kùn ṣubú gbàà! Todor rèé lórí àga, ó fi òwú dí etí méjèèjì, ó ń tẹ kọ̀ǹpútà. Ó figbe ta. Àwa náà figbe ta. Nígbà tí a rí i pé òkú ọ̀hún ń mí, a bẹ̀rẹ̀ orin.

Ó kọ́kọ́ bínú, ojú rẹ̀ pọ́n. Ṣùgbọ́n ta ló lè bínú títí níwájú wáìnì Ignat? Nígbà tó yá, ó ń jó. Nígbà tó tún yá, ó bú sẹ́kún. Ó ní nílùú òun, ẹnikẹ́ni kì í wá sílé òun láìjẹ́ pé òun pè é, òun tilẹ̀ ń pè wọ́n nígbà mìíràn wọn kì í wá. Ó di ọwọ́ Kera mú lójú gbogbo wa.

"Màmá, ẹ wà nínú ìwé mi. Mo búra. Ẹ wà níbẹ̀ dáadáa."

Kera kò fọ ọwọ́ yẹn títí ilẹ̀ fi mọ́, òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi.

Todor lọ. A sin ín débi mọ́tò, a di ata inú ìgò lẹ́rù fún un débi tó fi tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó pẹ́ kí ìwé náà tó dé láti ọ̀nà ilé ìfìwéránṣẹ́. Àwòrán ilé Kera ló wà lẹ́yìn ìwé náà gààràgà, pẹ̀lú ilẹ̀kùn rẹ̀ àti ìjókòó onígi iwájú rẹ̀. Kera di ìborí tuntun, ó gbé ìwé mọ́ àyà, gbogbo wa tẹ̀lé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù Ignat. Ginka nìkan ló gbọ́ èdè yẹn nínú wa, nítorí ó ti ṣa èso nínú oko àwọn ará Nọ́wè fún ọdún púpọ̀. Ó ṣí ìwé, ó ń túmọ̀ rẹ̀ fún wa.

"'Lábúlé yìí, kò sẹ́ni tó kù mọ́. Ojú àwọn òkú ló ń wò mí láti ara ilẹ̀kùn. Mo máa ń lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan láìgbọ́ ohùn èèyàn.'"

"Ha!" Ignat ní. "Ta ló wá ń mu bíà mi lálaalẹ́? Iwin?"

Ginka ń kà á lọ. "'Lọ́jọ́ kan tí òtútù ń parí lọ, afẹ́fẹ́ ńlá já ilẹ̀kùn mi ṣubú. Lẹ́yìn rẹ̀, ìdákẹ́jẹ́. N kò dá wà tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.'"

"Èmi ni afẹ́fẹ́?" Ignat ní.

"Ẹ jẹ́ kó kà á!" Kera ní. "Èmi ńkọ́, Ginka? Wò ó dáadáa, ọmọ mi. Ó búra."

Ginka ń ṣí ìwé lọ, ó ń ṣí i bọ̀. Ó dúró lójú ibì kan, ó kà á sínú, ojú rẹ̀ yí padà. "Ó sọ ti ìgbéyàwó. Yìnyín, bàtà òjò, bàtà ẹsẹ̀ òsì méjèèjì. Gbogbo ẹ̀ ló wà níbẹ̀, Màmá. Ti ewúrẹ́ náà wà níbẹ̀."

Kera tún ìborí rẹ̀ ṣe. "Kí ló pè mí?"

"Sigrid," Ginka ní. "Ó ní ìyá ìyá òun ni. Ó ní Sigrid ló máa ń sọ àwọn ìtàn yìí fún òun ní kékeré, nídìí iná, ní Nọ́wè."

Ìdákẹ́jẹ́ tí ọkùnrin náà ń wá wá délẹ̀ wàyí, òun kọ́ ló sì ń gbádùn rẹ̀. Inú bí mi débi pé mo dìde dúró. Mo ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Mo ní kí Ignat fi ìwé náà dáná.

"Jókòó, Velika." Ohùn Kera kò ga. "Ginka, ṣé ó mọ̀ ọ́n sọ?"

"Ó mọ̀ ọ́n sọ, Màmá. Ó dùn gan-an."

"Kò ní ìyá àgbà tó bá a sọ̀rọ̀, ó wá fi èmi ṣe é. Ìyẹn ò dùn mí. Kó ṣáà fi orúkọ mi sílẹ̀ fún mi." Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún. "Ignat, fún mi ní bírò. Ginka, fi ìka tọ́ ibi tí Sigrid wà hàn mí."

Ó fa ìlà gba orí Sigrid, ó kọ Kera sókè rẹ̀. Wọ́n wá gbogbo rẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn, kò fi ọ̀kan sílẹ̀.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni àwọn ará Nọ́wè bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú, tọkọtaya, àpọ́n, ẹni tí ọkọ kọ̀ sílẹ̀, gbogbo wọn mú ìwé lọ́wọ́, wọ́n ń wá ìdákẹ́jẹ́. Ignat ra fìríìjì kejì. Bí mọ́tò bá ti ń gun òkè bọ̀, á sáré jáde: "Ẹ panu mọ́ o! Àwọn aláìfẹ́ariwo ti dé!" A ó wọlé, a ó so ajá, a ó máa yọjú wò wọ́n láti ẹ̀yìn kọ́tìnnì lọ́sàn-án gangan, bí aláìsàn.

Kera nìkan ni kì í wọlé. Obìnrin kan dé iwájú ilé rẹ̀ pẹ̀lú kámẹ́rà, ó rẹ́rìn-ín sí i, ó fọwọ́ ṣe àpẹẹrẹ pé kí Màmá jọ̀wọ́ yẹ̀ díẹ̀ kúrò lórí ìjókòó, nítorí kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ nínú àwòrán ẹ̀yìn ìwé. Kera kò yẹ̀. Ó na ọwọ́, ó gba ìwé lọ́wọ́ obìnrin náà, ó yọ bírò nínú àpò épírọ́ọ̀nù rẹ̀. Kò gbọ́ èdè wọn, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí Sigrid lè sá pamọ́ sí fún un mọ́. Ó tún un ṣe láti iwájú dé ẹ̀yìn, obìnrin náà yanu sílẹ̀, ó ń wò ó. Ó dá a padà fún un, ó fọwọ́ lu àyà ara rẹ̀.

"Kera," ó ní. "Kera."

Nígbà tí obìnrin náà lọ, mo jáde sí i. "Ìyá Plamen, ìwé yìí pọ̀ nílẹ̀ Nọ́wè o. Ginka ní wọ́n tún ń tẹ òmíràn. Ṣé gbogbo ẹ̀ lo fẹ́ tún ṣe?"

Ó fi bírò sápò. "Wọn ò ní dé lẹ́ẹ̀kan náà," ó ní. "Ẹ̀yin ẹ ṣáà máa dákẹ́ dáadáa, kí wọ́n lè máa wá."