Ọjọ́ Tí Mo Ki Bàbá Mi Lórí Márosẹ̀

Kò sí ẹni tó bá bàbá mi jókòó tí kò ní gbọ́ ìtàn eré mọ́tò. Nígbà tí wọ́n wà lọ́dọ̀ọ́, ojú títì gbangba ni wọ́n ti ń fi ọkọ̀ díje nílé, láti Ìbàdàn lọ sí Ifẹ̀. Ọlọ́pàá á dá ọkọ̀ yòókù dúró, èrò á tò sẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n á máa hó yèè. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti sọ ọ́ dé kọ́nà tó kẹ́yìn, wọ́n á ní kí n lọ bu omi wá. Mo béèrè títí ìdí tí wọ́n fi pa eré náà tì, ó sú mi.

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, lẹ́yìn ìsìn ní Harlem, lókè òkun níbí, mo bá wọn lórí àga dírẹ́bà nínú ọkọ̀ mi. Wọ́n ti gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ọmọ mi obìnrin, ọmọ náà sì ti de bẹ́líìtì lẹ́yìn. Bàbá tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, tí ojú ọ̀tún wọn kò ríran dáadáa mọ́! Àwọn ìyá ìjọ yí ọkọ̀ ká, wọ́n ń kí wọn, "Bàbá, ẹ ṣì lágbára o!" Ẹ sọ fún mi, ta ni yóò lé bàbá rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ níwájú ìjọ? Inú bí mi, mo gbé e mì, mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Wọ́n rọra wà á títí a fi bọ́ sórí márosẹ̀ Major Deegan. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ pupa kan ti sún mọ́ wa. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń wà á wo irun funfun bàbá mi, ó rẹ́rìn-ín, ó tẹná kíkan. Háà! Àṣé ohun tí wọ́n ń wá nìyẹn. Bàbá mi náà tẹná.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra."

Wọ́n tún tẹná sí i. Ọkọ̀ akẹ́rù ńlá wà níwájú wa, ọmọ mi ń ké "Mọ́mì! Mọ́mì!" lẹ́yìn. Bí mo bá já sítíárìn gbà, a kú. Bí mo bá pariwo mọ́ wọn, wọ́n lè ta gìrì, a kú náà nìyẹn. Nílé wa, bí inú bàbá bá ru, oríkì la fi ń tù wọ́n. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í ki bàbá mi, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ìyá wọn ṣe máa ń kì wọ́n.

Yéè! Orí wọn wú. Ẹ̀yìn wọn nà ṣánṣán, ọkọ̀ wa tún ta síwájú. Mo rí nọ́mbà ẹ̀yìn akẹ́rù náà kedere. Mo pa ẹnu mọ́, mo nawọ́ sẹ́yìn, mo di ẹsẹ̀ ọmọ mi mú.

Bí mo ṣe dákẹ́, bàbá mi wò mí fìrí, bí ẹni tí kò retí pé èmi ni yóò rí. Wọ́n gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná. Ọkọ̀ pupa náà kọjá lọ.

A yà kúrò lórí márosẹ̀ ní Fordham, a dúró.

"Àbúrò mi ló máa ń jókòó síbi tí o wà yẹn," ni wọ́n wí. "Ó ń kì mí, orí mi ń wú. Ní kọ́nà tó kẹ́yìn, ó dákẹ́ báyẹn, kò sì sọ̀rọ̀ mọ́ títí láé."

Wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́, wọ́n lọ jókòó sẹ́yìn. Ọmọ mi ò sunkún mọ́, kò sì sọ̀rọ̀. Títí a fi délé ni mo ń gbọ́ wọn tí wọ́n ń bẹ̀ ẹ́, "Bá mi sọ̀rọ̀, ọmọ mi. Má dákẹ́."