Màmá Agbẹ̀bí àti Bíréèkì Ọkọ̀ Pupa

Kí Màmá Agbẹ̀bí tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, ó ti gbẹ̀bí ọmọ tó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta. Orúkọ iṣẹ́ yìí ni gbogbo àdúgbò fi ń pè é. Ọkọ rẹ̀ náà, Tíṣà ni lẹ́nu gbogbo èèyàn, nítorí pé ìṣirò ló fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ. Nígbà tí Màmá pé ọgọ́ta ọdún, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rò pé yóò ra ẹ̀rọ ìránṣọ. Ọkọ̀ ló rà: ọkọ̀ pupa kékeré, onílẹ̀kùn méjì, irú èyí tí wọ́n ṣe fún eré sísá, tí imú rẹ̀ gùn, tí ìdí rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gbálẹ̀. Dókítà àgbà kan ló ni ín tẹ́lẹ̀. Ọdún pọ̀ tí Màmá ti ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú ọgbà ilé ìwòsàn, tí á máa sọ fún ara rẹ̀ pé, "Ọjọ́ kan ń bọ̀."

Tíṣà yí ọkọ̀ náà po lẹ́ẹ̀mejì. "Ìyàwó mi, ibo la máa kó ẹrù sí?"

"Ẹrù wo? Àwa méjì lẹrù."

Oṣù mẹ́rin ni wọ́n fi gbádùn rẹ̀. Ní àárọ̀ Sátidé kan, Màmá ń sún mọ́ iná ojú títì tó ti pọ́n, ó tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ń rì lọ bí ẹni tẹ ẹrẹ̀. Ó tún un tẹ̀, ó tún un tẹ̀. Ó ku bí àtẹ́lẹwọ́ kan kí imú ọkọ̀ wọ ìdí ọkọ̀ búrẹ́dì tó wà níwájú kí ó tó dúró. Tíṣà tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ṣílẹ̀kùn, ó sọ̀kalẹ̀, ó sì fẹsẹ̀ rìn délé.

Mẹkáníìkì tó wà ní ìkángun títì wọn yọjú wo abẹ́ ọkọ̀. Rọ́bà mẹ́rin tó ń gbé ọ́ìlì bíréèkì lọ sídìí táyà ti gbó.

"Màmá, tí ẹ bá tẹ bíréèkì, dípò kí agbára ẹsẹ̀ yín dé ìdí táyà, rọ́bà yìí ló ń wú bí ikùn ẹni tó yó. Ní tèmi, ẹ tà á fún àwọn tó ń tú ọkọ̀ palẹ̀."

"Kí ni wọ́n fi ń pààrọ̀ ẹ̀?"

"Àwọn kan wà tí wọ́n fi wáyà irin hun bò. Ìyẹn kì í wú. Àmọ́ ta ló máa ráyè bá yín dè é?"

Màmá na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sí i. "Àwọn wọ̀nyí."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ò kúrò lọ́kàn Màmá fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko.

Nígbà tí rọ́bà onírin tí Màmá ránṣẹ́ rà dé, ó ti ka ìwé ọkọ̀ náà lẹ́ẹ̀mẹrin. Tíṣà ti búra pé òun ò ní wọ ọkọ̀ ọ̀hún mọ́, ṣùgbọ́n ó bá a kọ gbogbo ìgbésẹ̀ iṣẹ́ náà sára páálí, ó fà á nílà, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri gáréèjì wọn. Wọ́n fi jáàkì gbé ọkọ̀ sókè, wọ́n gbé e lé ẹsẹ̀ irin mẹ́rin, wọ́n yọ táyà. Tíṣà fi gbogbo ara ti ọkọ̀ náà wò kí ó tó gbà kí ìyàwó rẹ̀ wọ abẹ́ rẹ̀.

Rọ́bà mẹ́ta jáde kí ọ̀sán tó pọ́n. Ẹ̀kẹrin, tó wà lẹ́yìn lápá òsì, kọ̀ jálẹ̀. Nọ́ọ̀tì rẹ̀ ti dógùn-ún. Màmá fi sípánà sí i, ó rí i pé igun nọ́ọ̀tì ti ń jẹ, tí sípánà ń yọ̀ lórí rẹ̀, ó sì yọwọ́ kíá.

"Ṣé ká pe mẹkáníìkì?" Tíṣà béèrè.

"Rárá o. Mi ò ní fi tipá fà á. Á wá tó bá ṣe tán."

Ó fọ́n òróró apógùn-ún sí i, ó lọ jẹun. Ó padà wá fọ́n ọn, ó lọ sùn. Lọ́jọ́ kejì, ó wá sípánà tó ń di nọ́ọ̀tì mú yípo, ó fi òòlù kan irin náà jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó sì rọra yí i. Nọ́ọ̀tì ké kẹ̀ẹ́, ó yí. Màmá hó yèè tó bẹ́ẹ̀ tí aládùúgbò wọn fi sáré jáde, ó rò pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀.

"Nǹkan ti ṣẹlẹ̀ lóòótọ́!" ni Màmá fi dá a lóhùn.

Síbẹ̀, nígbà tó de àwọn rọ́bà tuntun tán, èyí tó kọ́kọ́ dè níwájú ti lọ́ pọ̀. Nígbà tó yí ìdí táyà wò, ó rí i pé yóò máa ha táyà. Ó tú u, ó tún un dè.

Ó wá ku kí wọ́n lé atẹ́gùn jáde nínú páìpù. Ẹnì kan á tẹ bíréèkì lókè, ẹnì kejì á tú nọ́ọ̀tì kékeré nísàlẹ̀ kí ọ́ìlì àti atẹ́gùn lè jáde sínú ìgò, á sì tún un dì kí ti òkè tó gbẹ́sẹ̀. Tíṣà gbà láti jókòó sínú ọkọ̀, ó ní ọkọ̀ tí kò ní táyà ò lè gbé òun lọ síbì kankan.

"Ẹ tẹ̀ ẹ́, ọkọ mi. Ẹ mú un bẹ́ẹ̀. Ó dáa, ẹ gbẹ́sẹ̀."

Báyìí ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé ìdí ẹ̀kẹta, ohùn yàrá ìbímọ ti wọ ẹnu Màmá, ọ̀wọ̀ tó ti ń fún ọkọ rẹ̀ láti ọdún mẹ́rìndínlógójì sì ti fò lọ.

"Tẹ̀ ẹ́! Mú un bẹ́ẹ̀! Má gbẹ́sẹ̀ o, mo ní má gbẹ́sẹ̀! Ó ku díẹ̀! Ó dáa, sinmi. Mí dáadáa. O ń gbìyànjú."

Ohùn kan wá láti òkè: "Màmá Agbẹ̀bí, ṣé ọmọ ni mò ń bí ni?"

Ẹ̀rín pa Màmá títí sípánà fi bọ́ lù ú níwájú orí. Kò tilẹ̀ bìkítà. Ìfófòó inú ìgò ti tán, ọ́ìlì mímọ́ nìkan ló ń jáde.

"Kò rì mọ́," Tíṣà sọ, ohùn rẹ̀ sì yí padà. "Ó le gbagidi lábẹ́ ẹsẹ̀ mi."

Màmá tẹ́ bébà funfun sábẹ́ ìdí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó ní kí ó tẹ̀ ẹ́ tagbáratagbára. Bébà gbẹ fúrúfúrú, ọ́ìlì kankan ò kán sí i.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, lẹ́yìn tí wọ́n ti dá táyà padà, tó sì ti rọra dán an wò ní títì wọn, ó wà á lọ bá mẹkáníìkì. Ọkùnrin náà bọ́ sáyè awakọ̀, ó wà á pẹ̀lú eré dé ìkángun kejì, ó tẹ bíréèkì. Ọkọ̀ dúró gbọnrangandan. Ó padà wá, ó bọ́ fìlà.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ọkọ̀ àtijọ́ kan wà lọ́dọ̀ mi tó ń ṣe irú èyí. Ṣé ẹ lè wá bá mi wò ó?"

"Màá wo ìgbà tí mo bá ráyè," ni Màmá wí.

Ní ìrọ̀lẹ́, Tíṣà fúnra rẹ̀ ló lọ jókòó sínú ọkọ̀, tó de bẹ́líìtì. Wọ́n gun òkè tó wà lẹ́yìn ìlú, wọ́n dorí kọ ìsàlẹ̀, atẹ́gùn ń fẹ́ wọn lójú. Níbi tí títì ti ṣẹ́ kọ́nà, Màmá tẹ bíréèkì, ọkọ̀ pupa náà sì tẹrí ba fún un, ó yà wẹ́rẹ́. Nígbà tí wọ́n délẹ̀, Tíṣà nu awò ojú rẹ̀.

"Padà," ó ní. "Jẹ́ ká tún un sọ̀."

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n sọ òkè náà kí ilẹ̀ tó ṣú.