Ọdún Tí Èémí Wọ́n Ẹ̀gbọ́n Mi

Mo rántí bí ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ṣe máa ń tutù nini bó bá ti ibi iṣẹ́ dé. Ilé ẹja dídì kan ní Ṣàgámù ló ti ń ru páálí ẹja. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ló ti ń wọlé síbẹ̀, ilẹ̀ á ti ṣú kó tó jáde, tòun ti kóòtù nínípọn àti fìlà tó bo etí. Ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ ńkọ́? Oorun ni, kọ́tìnnì á sì wà ní fífà dé. Èmi ń kọ́ àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi nígbà náà, a sì jọ ń gbé yàrá kan. Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ń pọ́n bí ará òkè òkun. Mo rò pé ẹwà ni.

Nígbà tí kòrónà dé, tí ìjọba ní kónílé gbélé, wọ́n ti ilé ìwé wa, ṣùgbọ́n wọn ò ti ilé ẹja, torí ènìyàn gbọ́dọ̀ jẹun. Mo jókòó sílé, rédíò ń dẹ́rù bà mí. Mo ń fi ọṣẹ fọ tòmátì, mo ń fọ kọ́kọ́rọ́, mo tiẹ̀ fọ bàtà ẹ̀gbọ́n mi títí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ fi já. Síbẹ̀, àìsàn náà mọ ilé wa.

Ikọ́ ló kọ́kọ́ dé. Ó ní òtútù ibi iṣẹ́ ni. Lẹ́yìn náà, ara rẹ̀ gbóná, ó tọ́ ọbẹ̀ mi wò, ó ní kò ta, kò dùn, òun ò sì gbọ́ òórùn rẹ̀. Àyà mi já. Mo bẹ̀ ẹ́ pé ká lọ sí ọsibítù.

"Àwọn tí wọ́n gbé lọ, ta lo rí tó padà?" ló wí. "Àbúrò, jẹ́ kí n wà nílé."

Mo pe ìyá wa ní Ìlárá. Bí ẹ̀rù bá ba ìyá wa, èdè Rẹ́mọ tó jinlẹ̀ ló máa ń sọ. Lọ́jọ́ náà n kò gbọ́ tó ìdajì ohun tó wí. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ìparí rẹ̀ ketekete: "Àìsàn là á wò, a kì í wo ikú. Gbé e dìde!"

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹ̀gbọ́n mi ti jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó fi ọwọ́ ti orúnkún, èjìká rẹ̀ ń lọ sókè sódò bí ẹni tó sáré. Kò lè sọ ọ̀rọ̀ méjì pọ̀. Ètè rẹ̀ ti ṣú. Mo sáré bọ́ sí títì. Ọlọ́kadà kan dúró, ṣùgbọ́n bó ṣe gbọ́ ikọ́ náà látinú ilé, ló bá tẹná mọ́ ọ̀kadà rẹ̀, ó lọ. Òmíràn ò dúró rárá. Àwọn aládùúgbò ti fèrèsé wọn. N kò bú wọn. Bó bá jẹ́ èmi ni, mo lè ti tèmi náà. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Onílé wa, bàbá arúgbó kan tí kì í bá ẹnikẹ́ni ṣeré, ló jáde, ó fi táwẹ̀lì di imú, kọ́kọ́rọ́ mọ́tò wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Gbé e sẹ́yìn mọ́tò," ó wí. "Kí o ṣí gbogbo wíńdò."

Ní ọsibítù, wọ́n gbé e wọlé, wọ́n ní kí n dúró síta. Gbogbo ìgbà tí ilẹ̀kùn yẹn bá dún ni mò ń dìde. Nígbà tó yá, dókítà obìnrin kan jáde, ó ní ọ́síjìn ti ń wọ ara rẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ó bi mí léèrè pé, "Ṣé ẹ̀gbọ́n yín kì í rí oòrùn ni?"

Mo sọ irú iṣẹ́ tó ń ṣe. Ó ní bí oòrùn bá kan awọ ara, ara á ṣe èròjà kan tí wọ́n ń pè ní fítámì D, pé egungun ń lò ó, ara sì ń fi bá àrùn jà. Ó ní àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fi hàn pé ti ẹ̀gbọ́n mi ti lọ sílẹ̀ jọjọ. Àwọn tí tiwọn bá kéré báyìí ni irú àìsàn èémí yìí sábà máa ń mú.

"Ṣé òun ló fà á, mà?"

"Kòkòrò àrùn ló fà á. Bóyá àìtó yẹn ló ṣílẹ̀kùn fún un, bóyá àìsàn náà ló sì fà á wálẹ̀, a ò tíì lè fi gbogbo ẹnu sọ ọ́."

Ẹ̀rù ò jẹ́ kí n gbọ́ ju "oòrùn" àti "fítámì" lọ. Mo ra fítámì náà, mo ń jẹ ẹ́ bí ẹ̀pà. Ní ọ̀sán gangan, mo sá ara mi sẹ́yìnkùlé bí ẹ̀gẹ́. Nígbà tí òòyì kọ́ mi, tí mo ń bì, mo gbà pé ó ti kàn mí. Mo tọ dókítà lọ, mo ń sunkún, mo sì sọ gbogbo ohun tí mo ti ń ṣe fún un. Ó wò mí fínnífínní.

"Kòrónà kọ́ o. Àṣejù ni. Ẹ má lo oògùn yẹn mọ́, ẹ lọ mumi, kí ẹ kúrò lóòrùn."

Ẹ̀gbọ́n mi jáde lẹ́yìn-ọ-rẹyìn, ó rù bí igi. Ìyá wa gbà á sí Ìlárá, àárọ̀ àárọ̀ ló ń mú un jókòó sí gbangba tí oòrùn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ. Kò padà sídìí ẹja mọ́. Bọ́ọ̀sì kékeré ló ń wà báyìí, ó sì ti dúdú dáadáa.

Àwọn ènìyàn máa ń bi mí bóyá àìrí oòrùn ló fẹ́ pa á. N kò mọ̀. Àwọn tó kàwé ju mí lọ ṣì ń jiyàn lórí rẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé láàárọ̀ ọjọ́ náà, afẹ́fẹ́ kún yàrá wa fọ́fọ́, èmi ń mí in, ẹni tó jókòó níwájú mi kò sì rí i mí.